Àlá Tí Akọ̀wé Kò Lá

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní òun ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn tó mọ òun, ó kù kí àwọn tí kò mọ òun náà gbọ́. Ó ní kí n má fi kún un, kí n má sì bo òun láṣìírí. Mo ṣèlérí méjèèjì fún un.

Akọ̀wé ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ọdún méjìlá ló fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ ló máa ń wà, pẹ̀lú tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà. Wọ́n á dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa sọ, òun á máa tẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Kápẹ́ńtà, òrùlé ló ń kàn. Kò sí páànù tó ń jò ládùúgbò tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é sí. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn.

Ilé ìjọsìn wọn ti gbó, ó sì ti kéré. Àwọn tó bá pẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ti ń gbọ́ ìwàásù, bíi ẹni tó wá ra nǹkan. Wọn kò ní ilẹ̀ mìíràn. Bí wọn yóò bá kọ́ tuntun, àfi kí wọ́n wó èyí tó wà níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti kó jọ sẹ́yìn ilé tó fún ìpìlẹ̀ àti ògiri. Igi òrùlé kò sí, páànù kò sí.

Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n tún jókòó lé e lórí.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. "Ẹ̀yin ará, tá a bá ní ká dúró títí gbogbo nǹkan á fi pé, kí la wá fẹ́ fi ìgbàgbọ́ ṣe? Ẹ jẹ́ ká gbé ìgbésẹ̀ yìí. Tá a bá ti tú òrùlé, kò tún sí ọ̀rọ̀ pé à ń padà sẹ́yìn mọ́."

Bàbá Kápẹ́ńtà dìde. "Pásítọ̀, èmi ò bá ìgbàgbọ́ jà. Òjò ni mò ń sọ. Oṣù kan àbọ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ ká wá igi àti páànù ná. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ gòkè."

Alàgbà kan wà níbẹ̀, tíṣà àtijọ́ ni, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Ṣé-Ó-Dájú nítorí pé kò sí ohun tí ẹ sọ fún un tí kò ní bi yín bóyá ó dájú. Ó ní ọ̀rọ̀ Bàbá Kápẹ́ńtà wọ òun létí. Àwọn ọ̀dọ́ kùn. Ẹgbẹ́ akọrin kùn.

Akọ̀wé nawọ́ sókè. Èrò kan wà lọ́kàn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà lójú ọ̀nà ní gbọ̀ngàn tó máa ń ṣófo lọ́jọ́ Sunday. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ tọrọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò á ti rọrùn. Ohun tó fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ọkọ rẹ̀ rí ọwọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ máa kọ èyí tá à ń sọ jàre."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ibi kankan sọ ọ́. Bí tọkọtaya ṣe ń bá ara wọn ṣàwàdà nílé ló ṣe sọ ọ́. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Ó sọ fún mi pé inú kò bí òun nígbà yẹn. Ó ní ohun tóun ṣáà rí ni pé òun ti wo ìwé tóun ń kọ látòkè délẹ̀, orúkọ gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀ àfi ti òun.

Ọ̀rọ̀ náà tún yí po, ó yí po. Ó rẹ Pásítọ̀. Ó da orí kodò, ó ní, "Ṣé kò wá sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tí Olúwa bá sọ nǹkankan lórí ọ̀rọ̀ yìí ni?"

Ẹnì kan wúkọ́. Aago ara ògiri ń dún.

Akọ̀wé dìde.

"Mo lá àlá kan."

Gbogbo orí yí sí i. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó.

"Ìgbà wo?" Alàgbà ló béèrè.

"Ọjọ́bọ̀ mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì, sà."

"Kí lẹ rí?" Ohùn Pásítọ̀ ti yí padà.

"Mo rí ilé yìí láìní òrùlé. Iná kan wà láàárín rẹ̀, kò sì jó nǹkankan. Ohùn kan wá ní, 'Ẹ ṣí i fún mi, èmi ni màá bò ó.'"

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń hun ún. Gbólóhùn kan ń fa òmíràn lọ́wọ́. Kò lá àlá kankan. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun máa sọ bẹ́ẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e dìde.

Pásítọ̀ ti wà lórí eékún. Ẹnì kan dá orin. Lórí ìjókòó iwájú, Ìyá Alágbàfọ̀ ń fi ìborùn nu ojú. Arúgbó yìí ló kù nínú àwọn méjìlá tó dá ìjọ náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló to ògiri ilé yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ọdún méjì, ó ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wó o títí òun á fi kú.

"Tí Olúwa bá ti ní ká ṣí i," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, "ta ni mo jẹ́ tí màá fi ní kẹ́ ẹ má ṣí i?"

Akọ̀wé wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ń wò ó. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Kápẹ́ńtà wí, "ọ̀rọ̀ tèmi ti tán. Sátidé tó ń bọ̀, a óò tú páànù."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò sọ òtítọ́ nígbà tí wọ́n délé. Mo bi í bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní òun ń retí kí ọkọ òun bi òun léèrè. Ká ní ó béèrè ni, òun ì bá jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Kápẹ́ńtà jẹun, ó fọ abọ́ tó fi jẹun, ó lọ ń pọ́n ayùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kò béèrè nǹkankan.

Lọ́jọ́ Ajé, Pásítọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí gbogbo ìjọ lè ní i lọ́wọ́."

Èèyàn tó lè tẹ lẹ́tà agbẹjọ́rò olójú ewé mẹ́ta láì gbójú sókè, ìlà mẹ́rin àlá yìí gbà á ní odidi wákàtí kan. Ó dà á kọ lọ́gọ́ta. Ìwé náà gbóná bó ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ. Ó tò ó, ó fi rọ́bà dì í, ó kó o fún Pásítọ̀.

Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Àwọn tó ń fi orí lásán kí i tẹ́lẹ̀ ti ń dúró kí i. Wọ́n gbé àga fún un níwájú. Ọkùnrin kan tọ̀ ọ́ wá pé òun rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ṣé kí òun lọ? Ó ní kó lọ gbàdúrà sí i. Ọkùnrin náà dúpẹ́ gan-an, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pé Akọ̀wé ti ní kí òun máa lọ.

Alàgbà nìkan ló mú ìwé náà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Akọ̀wé, mo kà á."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ṣé ó dájú?"

"Ó dájú, sà."

Alàgbà ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà. "Kò burú," ló wí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, wọ́n dé pẹ̀lú àkàsọ̀ mẹ́ta. Àwọn obìnrin ń gbé bẹ́ǹṣì jáde, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin. Bàbá Kápẹ́ńtà wọ bàtà rọ́bà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ṣùgbọ́n bó bá dé orí òrùlé, ẹ ó rò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

"Bá mi di àkàsọ̀ yìí mú," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Akọ̀wé di í mú. Ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, títí ó fi kọjá orí ògiri.

Ó tú páànù méje. Ó ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo "Halelúyà" sí i. Nígbà tó fẹ́ tú ìkẹjọ, ó gbé ẹsẹ̀ lé igi kan tí ikán ti jẹ tán nínú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Igi náà ṣẹ́ bíi bisikíìtì. Bàbá Kápẹ́ńtà kò kígbe. Orí sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì kúrò ló já sí.

Akọ̀wé ṣì di àkàsọ̀ mú. Ẹnì kan ló wá já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Dókítà fi àwòrán egungun hàn án lójú iná. Egungun ìbàdí ti kán níbi méjì. Ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn ti sán.

"Á rìn, mà," ni dókítà wí. "Á pẹ́, ṣùgbọ́n á rìn. Iṣẹ́ òrùlé ló ti parí."

"Ẹ ṣé, dókítà," ni Akọ̀wé wí. Ó tún béèrè ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo nǹkan ti jìnnà sí òun. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Èèyàn ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń rí ẹnu wọn, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé yàrá kejì ni wọ́n wà. Kò sunkún. Àwọn obìnrin ìjọ ń sọ láàárín ara wọn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ le bí àpáta.

Àwọn ọ̀dọ́ ti tú ìyókù páànù, wọ́n sì ti wó ògiri. Òjò kò dúró de oṣù kan àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n na tapólì aláwọ̀ búlúù sórí òpó igi mẹ́fà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Ẹrẹ̀ ń wọ bàtà. Ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ìpìlẹ̀ kún fún omi. Àwọn ìdílé kan kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, Pásítọ̀ sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti jìn.

"Mà, mo mọ̀ pé ohun tójú yín ń rí kò kéré. Ṣùgbọ́n ọkàn àwọn èèyàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ní bóyá Ọlọ́run ti fi wá sílẹ̀. Ṣé Olúwa ò tún bá yín sọ nǹkankan?"

Akọ̀wé gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ní bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀, tí òun kàn ń tẹ̀ ẹ́.

"Ó ní ká má bẹ̀rù. Ó ní òjò náà ti wọ inú ètò òun."

Pásítọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn ogún dé pẹ̀lú garawa, wọ́n ń gbọ́n omi inú ìpìlẹ̀, wọ́n ń kọrin.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà ni Ìyá Alágbàfọ̀ àti àwọn akọrin méjì wá kí Bàbá Kápẹ́ńtà ní ọsibítù. Wọ́n jókòó yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Akọ̀wé ń bó ọsàn fún wọn.

"Bàbá, ẹ tújú ká," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Olúwa tún ti bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀. Ó ní ká má bẹ̀rù."

Bàbá Kápẹ́ńtà wo òkè àjà. "Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ilé yín ti di ilé wòlíì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí Akọ̀wé ń kó èèpo ọsàn sínú ọ̀rá, ó ní, "Jókòó."

Akọ̀wé jókòó.

"Ó tún bá ọ sọ̀rọ̀?"

Akọ̀wé ń so ọ̀rá náà lẹ́nu.

"Ọjọ́bọ̀ mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò gbé ohùn sókè. Aláìsàn kan ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. "Akokoro ń dà ọ́ láàmú. O ò fojú kan oorun. Èmi náà ò sùn. Èmi ni mo ń gbé omi iyọ̀ gbígbóná fún ọ, tí ò ń fi yọ ẹnu títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà wo lo wá rí àyè lá àlá?"

Ọ̀rá èèpo ọsàn wà lórí itan Akọ̀wé. Ó ń wò ó.

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ náà?"

"Kó o tó jókòó ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ gòkè?"

Nọ́ọ̀sì kan ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá, wọ́n sì dúró kó lọ tán.

"Mo ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà," ni Bàbá Kápẹ́ńtà wí. "Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí ojú rẹ. Mi ò lè tún dójú tì ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní màá gòkè, màá tú u, màá yára kàn án. Mo rò pé igi á gbà mí."

"Ẹ dárí jì mí."

"Ti àkọ́kọ́ yẹn, àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Mo ti ń gbé tèmi." Ó yí ojú sí i nígbà náà. "Èyí tó o tún sọ lánàá, tí mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, òun ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e."

"Ṣé kí n lọ sọ fún wọn?"

"Mi ò rán ọ níṣẹ́. Ìwọ lò ń rán ara rẹ látẹ̀yìnwá."

Ó di ojú rẹ̀. Akọ̀wé jókòó tì í títí wọ́n fi ní àkókò àbẹ̀wò ti pé. Ó sọ fún mi pé òun wá omijé nínú ara òun, òun ò rí i.

Ọ̀nà ilé Pásítọ̀ ló gbà lọ. Ó bá a níbi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò jókòó. Orí ìdúró ló ti sọ gbogbo rẹ̀, àti ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì.

Pásítọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó fa okùn rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá nìkan."

"Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á tú ká."

"Ó ṣeé ṣe, sà."

"Àwọn èèyàn wà nínú ihò yẹn báyìí tí wọ́n ń gbọ́n omi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa títí a ó fi kan òrùlé."

"Sà, ṣé nígbà tí mo dìde lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́?"

Pásítọ̀ jókòó sórí àpótí. Ó fi ọwọ́ pa ojú.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi yín léèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Akọ̀wé kí i pé ó dàárọ̀, ó sì lọ sílé.

Ní Sunday, abẹ́ tapólì kún. Òjò kò rọ̀. Nígbà tó kan ìkéde, Akọ̀wé dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ bó ṣe ń ṣe láti ọdún méjìlá. Ó ka ọjọ́ ìpàdé àwọn obìnrin. Ó ka orúkọ ẹni tó bímọ. Ó ka ti àwọn tó máa gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, láì yí ohùn padà, ó ka èyí tó kù.

"Àlá tí mo ní mo lá, mi ò lá a. Mo purọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú náà, irọ́ ni. Ọlọ́run ò bá mi sọ nǹkankan. Èmi ló fẹ́ sọ̀rọ̀."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn pé kí ló sọ. Àwọn tó gbọ́ kò lè tún un sọ fún wọn.

Alàgbà dìde díẹ̀díẹ̀. Ìwé tó ká sí mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Akọ̀wé," ló wí, "ṣé ó dájú?"

Ọjọ́ mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ ì bá ti rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó dájú, sà."

Obìnrin kan láàárín akọrin pariwo pé, "Ọkọ rẹ tó ṣubú ńkọ́? Ọkọ ara rẹ!" Ẹnì kan ní kí wọ́n mú un jáde. Pásítọ̀ dìde, ó tún jókòó.

Ìyá Alágbàfọ̀ kò dìde. Ibi tó wà ló ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dákẹ́ gbọ́ ọ.

"Ṣé o ò rí iná kankan rárá?"

"Mi ò rí i, Màmá."

"Kékeré ńkọ́?"

"Mi ò rí i."

"Ọkọ mi ló to ògiri yẹn," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

Arúgbó náà mi orí. Ó kó Bíbélì rẹ̀ àti ìwé orin rẹ̀ sínú báàgì, ó dìde, ó sì rọra rìn nínú ẹrẹ̀ lọ sílé. Akọ̀wé gbé ìwé ìkéde sórí tábìlì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé lé e. Òun náà lọ.

Nínú ìdá mẹ́ta ìjọ, ìdá kan kò padà wá mọ́. Àwọn kan ń tọ Akọ̀wé wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá sọ ohun tó wà nínú wọn sí i lójú. Ó ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ọkùnrin tó lọ sí ìlú mìíràn kọ lẹ́tà, pé iṣẹ́ tóun bá lọ ti bà jẹ́, àti pé kí Akọ̀wé mọ̀. Ó tọ́jú lẹ́tà náà.

Àwọn tó kù kò tú ká. Alàgbà ló mú wọn dúró. Ó bi wọ́n lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e pé, "Ilé ti wó, ṣé ó ti wó àbí kò tíì wó?" Wọ́n ní ó ti wó. "Ṣé a fẹ́ jókòó sínú ẹrẹ̀ ká máa wo ara wa ni?" Wọ́n ní rárá. Wọ́n lọ tọrọ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n sì rí i gbà. Wọ́n ń kó igi àti páànù jọ ní díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó tún sọ pé òun gbọ́ ohùn. Pásítọ̀ náà bọ́ sínú ihò, ó ń po sìmẹ́ńtì, ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí òjò ti lọ tán, ògiri dìde.

Bàbá Kápẹ́ńtà ti ń fi ọ̀pá méjì rìn nígbà yẹn. Wọ́n gbé àga fún un sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń júwe fún àwọn kápẹ́ńtà ọ̀dọ́ bí wọn ó ṣe gbé igi òrùlé. "Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù lù ú, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún," ló ń sọ fún wọn. "Ẹ má wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Nílé, kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ń sọ ti omi tí kò wá, ti ọmọ wọn tó tẹ̀ wọ́n láago. Ó ń jẹ́ kí Akọ̀wé wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un nítorí pé kò lè bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, á gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, kò ní gbé e.

Mo bi Akọ̀wé pé kí ló fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á mú níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní èrò, kó dìde kó sọ pé èrò òun ni. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kó má lọ fi orúkọ Ọlọ́run sísàlẹ̀ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó ní òun ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ òun ni òun fi kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé tuntun náà, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n fún Bàbá Kápẹ́ńtà láyè níwájú, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó jókòó tì í. Ìjọ ń kọrin, àwọn kan ń sunkún ayọ̀. Ó dúró de ohun tí yóò ṣe òun. Nǹkankan kò ṣe é. Ó ń wo òrùlé. Wọ́n kàn án dáadáa.

Ẹnì kan fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ni. Láti ọjọ́ abẹ́ tapólì, oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò tíì dá ìkíni rẹ̀ lóhùn rí. Kò kí i lónìí náà. Ó jókòó, ó mí, ó yọ ìwé orin láti inú báàgì, ó sì gbé e lé itan Akọ̀wé.

"Ojú mi ò ríran mọ́," ló wí. "Bá mi ṣí ibi tí wọ́n wà."

Akọ̀wé ṣí i. Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà náà fún un.

Ìyá Alágbàfọ̀ gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì ń kọrin. Kò dúpẹ́. Kò sì dìde kúrò níbẹ̀.